Olórí orílẹ̀-èdè lọ wo ìdánwò ohun ìjà: báwo la ṣe ń mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an?

Bí rédíò bá ti kéde pé Kim Jong Un, olórí Àríwá Kòríà, lọ sí ibùdó tí wọ́n ti ń dán ohun ìjà wò, ìbéèrè méjì ló máa ń gbalẹ̀ nídìí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Tákié, l'Ógbòmọ̀ṣọ́: ṣé ogun àgbáyé ti dé ni, àbí bọ́ǹbù átọ́míìkì ni wọ́n tún dán wò? Lọ́pọ̀ ìgbà, rárá ni ìdáhùn méjèèjì. Àmọ́ ìròyìn náà fúnra rẹ̀ kò ní là á yé yín, torí pé ìjọba tó gbé e jáde ló pinnu ohun tí ẹ máa rí àti ohun tí ẹ ò ní rí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó yẹ kó wá, kó sì mọ ibi tó yẹ kó ti wá a.

Àbẹ̀wò lọ́tọ̀, ìdánwò lọ́tọ̀

Olórí lè lọ wo ohun ìjà lórí ìdúró, kó fọwọ́ kàn án, kí wọ́n ya fọ́tò, kó sì gba ilé lọ. Wọn ò yin nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ó sì lè jẹ́ ẹ́ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n dè mọ́ irin gbagidi, tí wọ́n tan iná sí i láti wo bí agbára rẹ̀ ṣe tó, tí ohunkóhun ò sì kúrò nílẹ̀. Irú èyí ni wọ́n ṣe ní Sohae, lápá ìwọ̀-oòrùn Àríwá Kòríà, ní 15 oṣù Kejìlá 2022. Kim wà níbẹ̀, wọ́n sì kéde pé agbára tí ẹ́ńjìnnì náà fi ń tì tó 140 tọ́ọ̀nù. Ìgbà mìíràn, mísáìlì á fò lóòótọ́, olórí á sì máa wò ó láti ibi ìṣọ́. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti parí ni wọ́n ń dé: Íńdíà dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò lábẹ́ ilẹ̀ ní Pokhran, ní aṣálẹ̀ Rajasthan, ní 11 àti 13 oṣù Karùn-ún 1998. Ọjọ́ 20 oṣù náà ni olórí ìjọba wọn, Atal Bihari Vajpayee, tó dé ibẹ̀.

Kì í ṣe àṣà Kòríà nìkan. Ààrẹ John Kennedy ti Amẹ́ríkà lọ sí ibùdó tí wọ́n ti ń dán bọ́ǹbù wò ní Nevada ní 8 oṣù Kejìlá 1962, ó lọ sí White Sands, ibùdó ìdánwò mísáìlì wọn, ní 5 oṣù Kẹfà 1963, ó sì wo bí ọkọ̀ abẹ́ omi ṣe yin mísáìlì Polaris ní 16 oṣù Kọkànlá ọdún kan náà.

Nínú gbogbo irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, èyí tó da àwọn èèyàn láàmú jù ni ti oṣù Kọkànlá 2018. KCNA, iléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba Àríwá Kòríà, ní Kim lọ sí ibùdó ìdánwò àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ológun, pé ó wo ohun ìjà ìgbàlódé kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, inú rẹ̀ sì dùn. Wọn ò dárúkọ ohun ìjà náà. Wọn ò fi àwòrán rẹ̀ hàn. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n jẹ́ ká mọ̀ ni pé ohun ìjà ojú ogun ni, ìyẹn irú èyí tí kì í rìn jìnnà. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ní 20 oṣù Kẹrin ọdún yẹn ni Kim sọ pé òun ti dá ìdánwò bọ́ǹbù átọ́míìkì àti mísáìlì tó lè sọdá òkun dúró. Ní 12 oṣù Kẹfà, ó pàdé Donald Trump ní Singapore. Ohun ìjà tí kò lè dé Amẹ́ríkà kò sí nínú ìlérí tó ṣe. Nítorí náà, ìròyìn kan ṣoṣo yẹn bá àwọn méjì sọ̀rọ̀: ó ń sọ fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ nílé pé iṣẹ́ ò dúró, ó sì ń sọ fún Washington pé òun ò tíì ba àdéhùn jẹ́. Ẹni tó gbọ́ "ohun ìjà tuntun" nìkan á rò pé àdéhùn ti bàjẹ́.

Ìpàdé Kim àti Trump kejì, èyí tí wọ́n ṣe ní Hanoi ní ìparí oṣù Kejì 2019, forí ṣánpọ́n. Ní oṣù Kẹrin, Kim tún lọ wo ìdánwò ohun ìjà ojú ogun mìíràn. Lẹ́yìn ìyẹn ni mísáìlì wá fò ní ojú ayé, ní 4 àti 9 oṣù Karùn-ún. Ọ̀kan nínú ti ọjọ́ kẹsàn-án rin nǹkan bí 420 kìlómítà. Bí wọ́n bá yìn ín láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó kù díẹ̀ kó dé Kàdúná.

Nọ́ńbà mẹ́ta tó yẹ kẹ́ ẹ wá

Bí mísáìlì bá fò lóòótọ́, ẹ fi orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ sílẹ̀ ná. Ẹ bèèrè pé ó ga tó báwo, ó jìnnà tó báwo, ìṣẹ́jú mélòó ló sì lò lókè. Ní 29 oṣù Kọkànlá 2017, Hwasong-15, mísáìlì Àríwá Kòríà, gòkè tó nǹkan bí 4,475 kìlómítà, ó sì já sínú òkun ní nǹkan bí 950 kìlómítà péré sí ibi tí wọ́n ti yìn ín, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 53. Ibùdó inú òfuurufú tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń gbé kò ga ju nǹkan bí 400 kìlómítà lọ. Mísáìlì yìí ga tó ìlọ́po mọ́kànlá rẹ̀.

Kí ló wá dé tó fi lọ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí kò sì jìnnà? Ẹni tó bá ti ń sọ òkò sí máńgòrò rí mọ èyí: bí ẹ bá ju òkò sókè tààrà, ẹ̀bá ẹsẹ̀ yín ló máa padà sí, bẹ́ẹ̀ agbára apá kan náà, tẹ́ ẹ bá dà á síwájú, ì bá gbé e dé òdìkejì ọgbà. Láti ara gíga yẹn ni àwọn onímọ̀ ti ṣírò pé bí wọ́n bá da Hwasong-15 síwájú, ó lè rìn ju 13,000 kìlómítà lọ, tí ẹrù orí rẹ̀ bá fúyẹ́. Kò sí ibì kan ní Amẹ́ríkà tí ìyẹn ò dé. Ìdí tí wọn ò fi dà á síwájú ni pé Japan ló wà níwájú wọn. Nígbà tí wọ́n yin Hwasong-12 kọjá lórí Hokkaido ní 29 oṣù Kẹjọ 2017, fèrè ìkìlọ̀ dún káàkiri àríwá Japan, fóònù àwọn èèyàn ń dún, ìjọba ní kí wọ́n sá pamọ́. Bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 2,700 kìlómítà ni mísáìlì yẹn rìn.

Ìdánwò tí wọ́n jù sókè tààrà báyìí ní àléébù kan tí ìròyìn kì í sábà sọ. Nígbà tí orí mísáìlì bá ń já bọ̀ lóròó, kíákíá ló ń gba inú afẹ́fẹ́ ayé kọjá. Bó bá jẹ́ ní ìdagẹ̀rẹ̀ ló ń bọ̀, bí yóò ṣe rí lójú ogun, yóò pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ooru tí eré rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ ń dá sílẹ̀. Torí náà, gíga àti agbára ẹ́ńjìnnì lè dájú, kí bóyá orí rẹ̀ á dé ilẹ̀ láìjóná má tíì dájú.

Bọ́ǹbù ńkọ́?

Bọ́ǹbù kọ́ ló máa ń wà lórí mísáìlì ìdánwò. Ohun tó wúwo tó bọ́ǹbù ni wọ́n máa ń dì síbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ kéékèèké tó ń ránṣẹ́ sílẹ̀ nípa ìyára, ooru àti bí ara mísáìlì ṣe ń gbọ̀n. Bó bá já sínú òkun, irin àti àloku epo ló já síbẹ̀, kì í ṣe májèlé átọ́míìkì.

Ibòmíràn ni wọ́n ti ń dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò. Ti Àríwá Kòríà, inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ òkè ní Punggye-ri ni. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n ṣe é, láti 9 oṣù Kẹwàá 2006 sí 3 oṣù Kẹsàn-án 2017. Irú èyí ò ṣeé fi pamọ́, torí ilẹ̀ á mì tìtì. Àjọ tó ń wo ìmìtìtì ilẹ̀ l'Amẹ́ríkà fi ti ìkẹfà sí 6.3 lórí òṣùwọ̀n ìmìtìtì ilẹ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n gbé fọ́tò Kim jáde níbi tó ti ń wo irin kan tó rí bí ẹ̀pà inú èèpo, tí wọ́n ní bọ́ǹbù ni. Nígbà tó di ọ̀sán lọ́hùn-ún, ilẹ̀ mì. Lọ́jọ́ yẹn, àwòrán àti ìdánwò tẹ̀lé ara wọn kíákíá.

Àwọn àgbàlagbà wa ní ìdí tí wọ́n fi ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe àìmọ̀. Ní 13 oṣù Kejì 1960, Faransé dán bọ́ǹbù átọ́míìkì àkọ́kọ́ rẹ̀ wò ní Reggane, ní aṣálẹ̀ Sàhárà, lórí ilẹ̀ gbangba. Ẹ̀kẹta bú ní 27 oṣù Kejìlá ọdún yẹn, nígbà tí Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. Àsìkò ọyẹ́ ni méjèèjì, afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ náà ló sì ń fẹ́ wá sọ́dọ̀ wa. Ní oṣù Kìíní 1961, ìjọba Abubakar Tafawa Balewa lé aṣojú Faransé kúrò nílùú. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbà yẹn àti ti Punggye-ri ni pé èyí tó bú lókè ilẹ̀ ń fa eruku olóró sínú afẹ́fẹ́, nígbà tí èyí tó bú nísàlẹ̀ òkè, tí ihò náà bá dì dáadáa, ń fi ọ̀pọ̀ rẹ̀ sínú ilẹ̀.

Ẹ wo iná àti èéfín

Bí fídíò bá wà, ẹ wo ìdí mísáìlì. Iná tó mọ́, tó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, tí èéfín rẹ̀ ò pọ̀, epo olómi ló sábà máa ń jẹ́. Èyí tó ń tú èéfín funfun rẹpẹtẹ tó fẹ̀ bá orí ilẹ̀, epo gbígbẹ ni. Ọ̀rọ̀ ńlá ni ìyàtọ̀ yìí. Epo olómi wọn máa ń le, ó ń jẹ irin, májèlé ni fún ẹni tó bá mí i símú, ó sì ń gba àkókò kí wọ́n tó rọ ọ́ tán. Láàárín ìyẹn, sátẹ́láìtì lè rí ọkọ̀ epo àti àwọn tó ń sáré kiri. Epo gbígbẹ ti wà nínú mísáìlì láti iléeṣẹ́, kí wọ́n fà á jáde, kí wọ́n nà án ró, kí wọ́n yìn ín ló kù. Hwasong-18, tí wọ́n kọ́kọ́ yìn ní 13 oṣù Kẹrin 2023, ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tó lè rìn jìnnà. Lójú tiwa, ìyẹn wúwo ju fọ́tò mẹ́wàá tí olórí ti ń rẹ́rìn-ín lọ.

Ta ló rí i?

Bí Àríwá Kòríà bá yin mísáìlì, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni iléeṣẹ́ ológun Gúúsù Kòríà àti ìjọba Japan á ti kéde rẹ̀, torí rádà wọn ń wo ibẹ̀ tọ̀sán-tòru. Lọ́pọ̀ ìgbà, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni KCNA máa ń gbé tiwọn jáde pẹ̀lú fọ́tò. Wákàtí mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣáájú wa: nígbà tí aago mẹ́fà òwúrọ̀ bá lù ní Pyongyang, aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni l'Ógbòmọ̀ṣọ́ níbí. Ohun tó ń fà á nìyẹn tí ọjọ́ fi máa ń dàrú, tí àwọn kan fi ń rò pé ìdánwò méjì ni wọ́n ṣe.

Àwọn àgbà ní ìròyìn ò tó àfojúbà, ṣùgbọ́n níbí yìí, àfojúbà náà ń tannijẹ. Ní òpin oṣù Keje 2019, Gúúsù Kòríà ní mísáìlì ni wọ́n yìn. Àríwá Kòríà ní rárá, rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá tó ń jáde láti ẹnu ọ̀pọ̀ páìpù ni, wọ́n sì fi í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà bo àwòrán ọkọ̀ tó gbé e débi pé ẹnikẹ́ni ò lè ka páìpù náà.

Ti oṣù Kẹta 2022 tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 16 oṣù náà, mísáìlì kan gbéra láti Pyongyang, ó bú lójú sánmà kó tó rìn jìnnà. KCNA ò sọ nǹkan kan. Ní 24, òmíràn fò dáadáa, ó ga ju 6,200 kìlómítà lọ, ó lò ju wákàtí kan lọ lókè. Fídíò jáde lẹ́yìn ìyẹn: Kim wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ, ó lo gíláàsì dúdú, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ bí òṣèré. Wọ́n ní Hwasong-17, mísáìlì tuntun tó tóbi jù lọ, ni wọ́n yìn. Iléeṣẹ́ ológun Gúúsù Kòríà ní irọ́ ni, pé Hwasong-15 ti tẹ́lẹ̀ ni. Ẹ̀rí wọn? Òjìji inú fídíò náà jẹ́ ti òwúrọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán ni mísáìlì fò. Ojú ọjọ́ inú rẹ̀ mọ́ kedere, bẹ́ẹ̀ ìkùukùu wà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ kíyè sí i pé kò sẹ́ni tó jiyàn nọ́ńbà. Orúkọ àti àwòrán ni wọ́n ń jà sí.

Ẹ tún wo àwọn ọ̀gágun tó tò yí i ká nínú fọ́tò. Ìwé pélébé wà lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, bíírò wà ní ọwọ́ kejì, wọ́n ń kọ gbogbo ohun tó bá jáde lẹ́nu rẹ̀. Láyé bàbá-bàbá rẹ̀, Kim Il Sung, ni àṣà yìí ti gbilẹ̀: olórí á lọ sí oko, á lọ sí iléeṣẹ́, á máa tọ́ àwọn òṣìṣẹ́ sọ́nà lójú iṣẹ́, àwọn náà á sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Fọ́tò náà wà fún àwọn ará ilé ju fún àwọn ará ìta lọ.

Bí ọ̀gá bá jókòó síbẹ̀

Ẹ̀rọ ò mọ ọ̀gá. Bí wọ́n bá ti dá ọjọ́, tí alágbára sì ti dé, ẹnu kì í gba àwọn ẹlẹ́rọ mọ́ láti ní "ẹ jẹ́ ká sún un síwájú." Ní 24 oṣù Kẹwàá 1960, ní Baikonur, ibùdó tí wọ́n ti ń yin rọ́kẹ́ẹ̀tì, Sófíẹ̀tì fẹ́ dán mísáìlì R-16 wò. Ọ̀gágun àgbà Mitrofan Nedelin, tó ń darí ẹ̀ka mísáìlì wọn, fẹ́ kó fò ṣáájú 7 oṣù Kọkànlá, àjọ̀dún ìyípadà ìjọba wọn. Epo ti wà nínú mísáìlì náà, ó sì ti ń jò. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n fa epo jáde kí wọ́n tó tún un ṣe. Wọn ò fà á. Wọ́n ń tún un ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò níṣẹ́ níbẹ̀ sì pé jọ yí i ká, torí Nedelin fúnra rẹ̀ gbé àga sí ìtòsí mísáìlì, ó jókòó. Ta ni yóò sọ fún un pé kó dìde? Nígbà tó ku bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n dá ẹ̀rọ tó ń pàṣẹ fún mísáìlì lẹ́sẹẹsẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń yí padà, ó kọjá lórí àṣẹ tó ń tan ẹ́ńjìnnì ìpele kejì. Ẹ́ńjìnnì yẹn gbiná lókè, iná rẹ̀ lu táńkì ìpele kìíní tó wà lábẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì jóná. Nedelin kú, àwọn tó bá a lọ lé ní àádọ́ta. Mikhail Yangel, tó ṣe mísáìlì náà, yè é torí ó ti kúrò níbẹ̀ lọ mu sìgá. Ìjọba kéde pé ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ló pa Nedelin, ó sì di 1989 kí ìwé ìròyìn wọn tó sọ òótọ́.

Charles de Gaulle ti Faransé lọ sí Moruroa, ní òkun Pàsífíìkì, ní oṣù Kẹsàn-án 1966, ó dúró sínú ọkọ̀ ogun De Grasse láti wo bọ́ǹbù. Ọjọ́ 10 ni wọ́n dá. Afẹ́fẹ́ ò fẹ́ síbi tó dáa, wọ́n sún un. Lọ́jọ́ kejì, afẹ́fẹ́ náà ò tíì dáa, àmọ́ ààrẹ ò ráyè dúró mọ́. Wọ́n yin bọ́ǹbù náà bẹ́ẹ̀. Eruku olóró gba ìhà ìwọ̀-oòrùn lọ, sí àwọn erékùṣù tí èèyàn ń gbé.

Ní 21 oṣù Karùn-ún 2025, ní Chongjin, Kim jókòó láti wo bí wọ́n ṣe máa sọ ọkọ̀ ogun tuntun tó wúwo tó 5,000 tọ́ọ̀nù sómi láti ẹ̀gbẹ́. Ìdí ọkọ̀ yọ̀ ṣáájú, iwájú rẹ̀ há sórí ilẹ̀, ó sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sínú omi. KCNA kéde rẹ̀ fúnra wọn, Kim pè é ní ìwà ọ̀daràn, wọ́n sì mú àwọn kan. Àṣẹ rẹ̀ ni pé kí wọ́n tún un ṣe kí oṣù Kẹfà tó tán. Ní 12 oṣù Kẹfà, wọ́n ti gbé e padà sómi ní Rajin.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀kan ka gbogbo rẹ̀. Ní 31 oṣù Kẹwàá 2024, Àríwá Kòríà yin Hwasong-19 lójú Kim. Wọ́n ní ó ga tó 7,687.5 kìlómítà, ó jìnnà tó 1,001.2, ó sì lò 5,156 ìṣẹ́jú-àáyá, ìyẹn bí ìṣẹ́jú 86. Japan náà ní ó ga ju 7,000 lọ, ó jìnnà tó bí 1,000, ó lò bí ìṣẹ́jú 86. Ọ̀rọ̀ wọn bára mu, ó fò lóòótọ́. Epo gbígbẹ ni. Kò sí bọ́ǹbù lórí rẹ̀, ilẹ̀ ò mì níbì kankan. Ọjọ́ márùn-ún ló kù kí Amẹ́ríkà dìbò yan ààrẹ, torí náà ẹ mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Òkè tààrà ni wọ́n sì jù ú sí, nítorí náà a ò tíì mọ̀ bóyá orí rẹ̀ lè la ooru já bí wọ́n bá dà á síwájú.